Ẹni Kẹrìndínlógójì

Ohùn Maimunat ni Fàwáz kọ́kọ́ bá pàdé kó tó rí ojú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ṣì wà, ó ń nu ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀ sórí páálí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tó fi gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ nínú ilé pé, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó, iná máa tó dé." Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì títì ló ṣe sọ ọ́. Fàwáz wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí géètì Ẹ́sítéètì Ìbà. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí ọ̀kan kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ lásìkò òjò, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń húkọ́ kó tó gbé bébà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lé oyè ńlá ládùúgbò yẹn ló mọ ibẹ̀. Bí jọ́nà, ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé ìwádìí wọn jáde nínú rẹ̀, bá dá ìwé wọn padà pé ìtọ́kasí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá òfin àwọn mu, ọ̀dọ̀ Maimunat ni wọ́n ń gbé ẹkún wá.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ ìtọ́kasí yìí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀mọ̀wé bá ń kọ ìwé, wọn kì í jẹ́ kó dá sọ ọ́. Ohun tó bá kà nínú ìwé ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni ín. Yóò fi nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, yóò wá to àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Jọ́nà kan á ní kí ọdún ṣáájú, òmíràn á ní kó gbẹ̀yìn. Ọ̀kan fẹ́ kọ́mà, èkejì ò fẹ́ rí kọ́mà sójú. Ọ̀mọ̀wé tó lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn fún ẹ lè má mọ ibi tí kọ́mà ń gbé. Bí Ọlọ́run ṣe pín ẹ̀bùn nìyẹn.

Fàwáz wà lára wọn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọkùnrin gíga kan báyìí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n. Jọ́nà kan lókè òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé rẹ̀ tán. Wọ́n ní kó lọ tún ìtọ́kasí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tò, kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé yìí ni yunifásítì kan ń dúró dè kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ olùkọ́. Àwọn tó ń du ipò náà pẹ̀lú rẹ̀ kò kéré.

Maimunat yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn. "Ta ló to nọ́ńbà wọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ lẹ fi tò ó, ẹ ò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tò ó?"

"Ọwọ́ ni."

"Sùúrù yín mà pọ̀ ju ọgbọ́n yín lọ o."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé oníbàárà ni. Àmọ́ Fàwáz ń rẹ́rìn-ín. Ó wò ó díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ta ni kò gbọ́ràn dáadáa nílé yín?"

Ara Maimunat bù máṣọ. Ohùn rẹ̀ yìí ti kó bá a rí. Ọkùnrin kan ní Ọ̀jọ́ tó fẹ́ fẹ́ ẹ lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé obìnrin náà máa ń jà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ káàárọ̀ ló ń kí i. Ó rò pé yẹ̀yẹ́ lèyí náà fẹ́ fi òun ṣe.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi bèèrè?"

"Iṣẹ́ etí ni mò ń kọ́. Ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú ẹni tí kò gbọ́ràn, ohùn rẹ̀ á ga láìmọ̀. Àwọn èèyàn á rò pé oníjàgídíjàgan ni. Ìfẹ́ ló gbé ohùn náà ga, kì í ṣe ìjà."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí Maimunat láyà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohùn rẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ rí.

"Bàbá mi ni," ó ní, ó ń gbìyànjú láti rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa ọkọ̀ láti Okokomaiko dé Àgbádárìgì."

"Okokomaiko gan-an ni mo ti ṣe ìwádìí mi. Etí àwọn awakọ̀ àti kọ́ńdọ́ ni mo wọ̀n, bóyá ariwo ibẹ̀ ń bà á jẹ́."

"Ẹ ti wá padà lọ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wọn?"

"Màá lọ," ni Fàwáz wí, "tí ìwé bá ti jáde."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Maimunat bi bàbá rẹ̀ léèrè. Ó lọgun títí kó tó yé e. Bàbá Àkànmú fa rédíò rẹ̀ mọ́ra, ó ti ọwọ́ bọ àpò awọ tó fi wọ̀ ọ́, ó mú káàdì kékeré kan jáde. Wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́rìndínlógójì sí i.

"Èmi àti Mọ́rúfù kọ́ńdọ́ la jọ tò. Òun ló wà níwájú mi. Wọ́n fi nǹkan bò wá létí, wọ́n ní ká máa nawọ́ tá a bá gbọ́ ohùn. Ọmọkùnrin tó fún mi ní káàdì yìí ní òun ń bọ̀ wá sọ bí etí mi ṣe rí. Ọdún kan àtààbọ̀ rèé." Ó dá káàdì náà padà sápò. "Àwọn oníwèé. Wọ́n á gba tọwọ́ ẹ, o ò tún ní rí wọn mọ́."

Maimunat kò sọ fún un pé òun ti rí ọmọkùnrin náà.

Láti ọjọ́ kejì ni Fàwáz ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, tó bá ti kúrò níléèwé girama tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀jọ́. Maimunat ní ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Á tẹ gbogbo ìtọ́kasí náà jáde, á fi àlùmọ́gàjí gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á tẹ́ ẹní sílẹ̀, á sì tò wọ́n sórí rẹ̀. Ẹnìkan á máa ka ìwé, ẹnìkan á máa mú ẹlẹ́rìí.

"Ẹ ka ọ̀rọ̀," Maimunat á ní.

"'Lára àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Bràsíìlì, ìdajì ni etí wọn ti bà jẹ́.' Nọ́ńbà mẹ́rìnlá."

Maimunat mú bébà kẹrìnlá, ó kà á, ó gbójú sókè. "Èyí ní àwọn tó ń hun aṣọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà. Awakọ̀ Bràsíìlì wà ní kẹtàlá."

Wọ́n ka ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òun náà ti ṣí. Láti ibi kan lọ, gbogbo ẹlẹ́rìí ló dúró sílé aládùúgbò wọn. Fàwáz ronú títí, ló wá rántí. Ìwé kan wà tó ti tọ́ka sí ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá rí i pé òun ò kà tán, ló bá yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn.

"Ẹ yọ ẹnìkan, ẹ ò sọ fún àwọn tó kù kí wọ́n sún," ni Maimunat wí. "Ṣé gbogbo nǹkan lẹ ń ṣe báyìí?"

Ó ń fi ṣeré ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ẹní kan náà ni wọ́n ń jókòó sí lójoojúmọ́, orókún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, bébà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín wọn, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àwọn méjèèjì á jọ da ọwọ́ bò wọ́n. Mi ò ní puró fún yín, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sọ di ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹfà, Fàwáz ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wá. Ó bó ẹ̀pà, ó ń kó o síwájú Maimunat ní méjì méjì, bí ẹni tó ń to ìtọ́kasí.

"Má fi ẹ̀yin pè mí mọ́," ó ní.

"Ẹ jù mí lọ."

"Lọ́jọ́ orí. Tó bá di ti kọ́mà, ìwọ lọ̀gá." Ó tún ẹ̀pà mìíràn bó. "Kí ni oríkì ẹ?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Mo fẹ́ máa fi pè ẹ́."

"Àwẹ̀ró."

"Àwẹ̀ró mi," Fàwáz wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ohùn ẹ ni mo kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́, kí n má tàn ẹ́. Tí mo bá ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́, mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó dé ìkóríta, ọkàn mi á balẹ̀."

Maimunat ti ń fi ojú wá ilẹ̀ tó máa wò. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé ẹ̀pà náà mì láìjẹ ẹ́. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ ẹ," ó ní, ó sì sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ta káàdì fóònù níta fi pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Wọ́n fẹnu kò pé tí ìwé bá ti lọ, Fàwáz á wá kí àwọn òbí rẹ̀. Maimunat kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Inú ìyá rẹ̀ Àdìjá dùn púpọ̀. Obìnrin tó ń ta àwo àti ike lọ́jà Ìbà ni, ó sì ti ń kó àwo tó dára jù pamọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ láti bí ọdún márùn-ún.

"Olùkọ́ yunifásítì," ó ń tún un sọ. "Alhamdulillahi."

Ṣùgbọ́n Bàbá Àkànmú ní kí wọ́n tún orúkọ náà pè, kí wọ́n tún iṣẹ́ etí tó ń ṣe sọ. Nígbà tó yé e, ó yọ káàdì rẹ̀ síta.

"Ọmọ oníwèé yìí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Rárá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí kò bọ̀. Èmi rèé, àgbàlagbà, mo ń retí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fi ọ́ sílé tó ní òun ń bọ̀ ńkọ́?" Ó yí rédíò rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Maimunat sunkún púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọkùnrin tó bá ríṣẹ́ yunifásítì, kò sí bàbá tó máa lé e pẹ́. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí ìwé ṣáà ti jáde.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí gbèdéke jọ́nà pé, Fàwáz gbé ohun tó kù wá nínú fílaàṣì kọ̀ǹpútà. Jọ́nà ní kó so tábìlì, ìyẹn àtẹ onílà, gbogbo àwọn tó yẹ̀ wò mọ́ ìwé. Ọgọ́rin ènìyàn, kò sí orúkọ, àfi nọ́ńbà, ọjọ́ orí, iye ọdún tí oníkálukú ti lò lẹ́nu iṣẹ́, àti bí etí rẹ̀ ṣe rí. Ó ní kí Maimunat bá òun tò ó bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì sáré lọ síléèwé.

Kò ní i lọ́kàn láti wá nǹkan kan. Ó kàn ń fa ìlà ni. Nígbà tó dé ìlà nọ́ńbà mẹ́rìndínlógójì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Etí ọ̀tún: ó pé. Etí òsì: ó pé.

Maimunat wò ó títí. Bàbá òun nìyí. Bàbá òun, tó jẹ́ pé tí ilé bá ń jó, ojú ló máa fi mọ̀. Ó wo ìlà tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin ọdún mọ́kàndínlógún, oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, etí òsì rẹ̀ ti lọ pátápátá. Ó rántí Mọ́rúfù tó tò síwájú bàbá rẹ̀. Ó rántí àwọn bébà tó wà lórí ẹní. Gbogbo wọn ti ṣí. Oníkálukú ló gbé etí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Ó wá ṣí ìwé náà, ó ka ìparí rẹ̀, èyí tí kò kàn án tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye ọdún téèyàn lò nínú ariwo Okokomaiko kò fi bẹ́ẹ̀ ba etí rẹ̀ jẹ́.

Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ ohun tó wà nílẹ̀ dáadáa. Bí òun bá dákẹ́, Fàwáz á fi ìwé ránṣẹ́, á ríṣẹ́, á wá kí Bàbá pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì fi òun fún un. Bí òun bá sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ lè fọ́. Ta ló máa mọ̀? Ta ní Okokomaiko ló ń ka jọ́nà? Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó sì fẹ́ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń jáde, bàbá rẹ̀ ń wo ẹnu rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó dàbọ̀ ló ń wí. Ìyẹn ló yí i lọ́kàn padà. Ó tọrọ káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Fàwáz wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Maimunat gbé káàdì síwájú rẹ̀.

"Bàbá mi ni ẹni kẹrìndínlógójì. O kọ ọ́ pé etí wọn pé. Kò pé, Fàwáz. Tábìlì ẹ ti ṣí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà yẹn ló wá bà jẹ́."

"Láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni mo ti ń pariwo. Ṣé o yọ ẹnìkan kúrò nínú tábìlì yìí ni?"

Fàwáz ronú sẹ́yìn. Ó yọ ẹnìkan. Ẹni kọkànlá, Kazeem, tó ní òun ò ṣe mọ́. Ó yọ ọ́ nínú fáìlì ọjọ́ orí, kò yọ ọ́ nínú fáìlì etí. Ó rántí pé nígbà tí òun lẹ fáìlì méjèèjì pọ̀, etí kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀ tí kò sí ẹni tó ni ín. Ó ní ti Kazeem ni, ó pa á rẹ́. Maimunat rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e, ó sì rí i pé Fàwáz fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta ló kù," Fàwáz wí. "Kí n tó tún gbogbo ìṣirò ṣe, ó ti tán. Iṣẹ́ ti lọ. Maimunat, ìtọ́kasí ni mo gbé fún ẹ. Mi ò ní kó o yẹ tábìlì mi wò."

Maimunat rò pé òun á bínú, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ló dé. Ó fa fílaàṣì yọ, ó nà án sí i.

"Ẹ gbà. Ìtọ́kasí yín ti pé. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, oníkálukú wà nílé rẹ̀."

Ẹ gbọ́ "ẹ" yẹn bí? Fàwáz náà gbọ́ ọ. Ó mú káàdì náà, ó wò ó, ó fi sápò, ó jáde. Kò sọ pé ó dàbọ̀.

Ohùn Maimunat wálẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ, bàbá rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Àkànmú pa rédíò, ohun tí kì í ṣe, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Àdìjá, kí ló ṣe ọmọ yìí? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti bá mi sọ̀rọ̀."

"Ó ń bá yín sọ̀rọ̀," ìyàwó rẹ̀ lọgun. "Ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín."

Bàbá Àkànmú ti rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jókòó, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Fúráídé dé, gbèdéke jọ́nà pé. Maimunat wo fóònù rẹ̀ títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Fàwáz ti fi ìwé ránṣẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní fẹ́ ẹ mọ́, ó wá rí i pé irọ́ lòun ń pa.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n kanlẹ̀kùn. Mọ́rúfù kọ́ńdọ́ ló ṣáájú, ó ń fi ọ̀nà hàn. Fàwáz wà lẹ́yìn rẹ̀, páálí ńlá kan lórí, aṣọ rẹ̀ ti dọ̀tí, ohùn rẹ̀ ti há. Ó gbé páálí kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Àkànmú, kò sì dìde.

"Kí ló wá wá?" Bàbá bi ìyàwó rẹ̀.

Àdìjá fẹ́ lọgun, ṣùgbọ́n Fàwáz ti dìde, ó ń wo àga tí bàbá náà jókòó sí. Wọ́n ti gbé e ti ògiri, apá ọ̀tún rẹ̀ ló kọ sí ògiri, apá òsì ló kọ sí ìyàrá. Ọdún gbọọrọ ló ti wà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yí àga yìí padà," ó ní.

Òun àti Mọ́rúfù gbé e, tòun ti bàbá lórí rẹ̀. Fàwáz wá kúnlẹ̀ sápá ọ̀tún rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì.

"Bàbá, èmi ni mo fún yín ní káàdì. Mo ní mò ń bọ̀. Mo pẹ́."

Bàbá Àkànmú fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo Fàwáz. "Mo gbọ́," ó ní. "Tún un sọ."

Fàwáz tún un sọ. Ó yọ bébà kan nínú páálí, ó kà á fún un. Etí òsì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ti lọ. Ariwo ló jẹ ẹ́. Tọ̀tún ṣì kù díẹ̀, àwọn dókítà etí wà tó lè ràn án lọ́wọ́, òun á sì mú un lọ.

"Ṣé ògiri la ti ń pariwo sí látọjọ́ yìí?" ni Àdìjá wí, ó jókòó sórí páálí.

"Ọdún kan àtààbọ̀," Bàbá wí. "Kí ló dé?"

"Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ gbà, Bàbá. Mo gbàgbé pé ẹ̀ ń retí. Ọmọ yín ló rán mi létí, mo sì bínú sí i."

Ó ní láti Ọjọ́rú lòun ti wà ní Okokomaiko, lábẹ́ àtíbàbà ẹgbẹ́ awakọ̀, òun ń pe nọ́ńbà, òun ń ka etí oníkálukú fún un látinú bébà tí òun fọwọ́ kọ lọ́jọ́ tí òun wọ̀n ọ́n. Àwọn kan bú òun. Ọ̀kan ní kí òun kọ́kọ́ ra omi wá, òun rà á. Ènìyàn mọ́kàndínlọ́gọ́rin ti gbọ́ tiwọn. Bàbá Àkànmú ló kẹ́yìn.

"Ìwé náà ńkọ́?" Maimunat ló bèèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò fi ránṣẹ́. Ìparí rẹ̀ ti yí padà. Iye ọdún ń ba etí jẹ́ lóòótọ́, Àwẹ̀ró. Ó hàn kedere báyìí tí oníkálukú ti gba etí rẹ̀."

"Iṣẹ́ yunifásítì ńkọ́?" Àdìjá bèèrè.

"Wọ́n á gba ẹlòmíràn, mà."

Ojú Àdìjá fà ro. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó ń retí kó gbọn orí pé rárá. Ṣùgbọ́n Bàbá Àkànmú ń ronú nǹkan mìíràn.

"Àwọn orúkọ tí wọ́n ní ẹ máa ń tò sẹ́yìn ìwé yẹn," ó ní, "orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Bàbá. Òfin ò gbà ká dárúkọ ẹni tá a wọ̀n etí rẹ̀."

"Etí mi kọ́ lẹ fi kọ ọ́?"

"Etí yín ni."

"Kí wá ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀?"

"Ẹni kẹrìndínlógójì."

Bàbá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Fàwáz yọ káàdì náà lápò, ó fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Àdìjá," ni Bàbá Àkànmú wí, "fún àlejò ní omi."

"Ẹ̀yin lẹ lé e tẹ́lẹ̀. Kò níṣẹ́ mọ́ báyìí o."

"Iṣẹ́ á wá. Ọmọ náà padà wá."

Maimunat tẹ̀ lé Fàwáz dé ẹnu géètì.

"Mo bínú sí ẹ torí pé òótọ́ lo sọ," ni Fàwáz wí. "Dárí jì mí."

"Mo fẹ́ dákẹ́," ó ní. "Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mo fẹ́ dákẹ́. Torí kí n lè fẹ́ ẹ ni."

"Ṣé o ṣì fẹ́ fẹ́ mi?"

"O mọ̀ pé mo fẹ́."

Ó gba jọ́nà mìíràn ní oṣù mẹ́jọ kó tó gba ìwé náà. Àwọn yẹn fẹ́ kí ọdún gbẹ̀yìn, kí kọ́mà má sì sí. Maimunat tún ìtọ́kasí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tò lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń rojọ́ títí ó fi parí rẹ̀.

Oṣù tí ìwé jáde ni wọ́n so yìgì wọn. Iṣẹ́ yunifásítì kò tí ì dé nígbà yẹn, àwọn ọmọ iléèwé girama Ọ̀jọ́ ló ṣì ń pe Fàwáz ní ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ Sàmíát wá láti Ìsẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ẹbí, àwọn awakọ̀ Okokomaiko kún inú ọgbà, oníkálukú ń jókòó sápá ibi tó ti ń gbọ́ràn. Àwo tí Àdìjá ti kó pamọ́ jáde.

Nígbà tó tó àkókò, àáfà ní kí Bàbá Àkànmú wọlé lọ bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí. Gbogbo ọgbà dákẹ́. Wọ́n mọ ohùn Maimunat, wọ́n ń retí kó dún láti inú ilé. Mọ́rúfù tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀.

Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Nínú yàrá, Maimunat ti dìde, ó ti yí lọ sápá ọ̀tún bàbá rẹ̀. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò tí ì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún bàbá rẹ̀ rí. Ó sọ ọ́.

Bàbá Àkànmú di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú kó tó yíjú padà. Nígbà tó jáde, omijé ti rin ojú rẹ̀. Àáfà bèèrè ohun tí ọmọ náà wí, Àdìjá náà sì ń pariwo láti ẹ̀yìn pé ṣé ó gbọ́ ọ ṣá.

"Mo gbọ́," ni Bàbá Àkànmú wí. "Ó ní òun gbà. Ẹ má pariwo, mo gbọ́ ọ."